Kọ̀ǹpútà Tí Wọ́n Ta Òróró Sí

Ẹni tó bá wọ bọ́ọ̀sì tó ń ti ìgboro Dublin lọ sí Rush létí òkun lè ti bá Péjú pàdé láìmọ̀. Òun ni awakọ̀ tó ń kí èrò lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni pé àlejò ilé rẹ̀ ni wọ́n. Bí ìyá àgbà kan bá ń fi ọ̀pá tọ ilẹ̀ bọ̀ lókèèrè, Péjú á dúró dè é. Bí ọ̀dọ́ kan bá gbé bàtà lé àga, kì í sọ̀rọ̀. Á kàn wò ó nínú díńgí ni, bàtà á sì sọ̀ kalẹ̀ fúnra rẹ̀. Ojú tó fi tọ́ ọmọ mẹ́ta nìyẹn. Àwọn ọmọ ti dàgbà tán, ojú náà ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́.

Iṣẹ́ ọ̀hún tẹ́ ẹ lọ́rùn. Ó fẹ́ràn ìgbà tí ọkọ̀ bá jáde láàárín ilé, tó bọ́ sójú ọ̀nà tí oko kábéèjì wà lọ́tùn-ún lósì, tí afẹ́fẹ́ òkun á bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ wọlé. Ohun kan ṣoṣo ló ń jẹ ẹ́ lọ́kàn: Sọ́ńdè. Ọlọ́run sinmi o, ṣùgbọ́n bọ́ọ̀sì kì í sinmi. Bí wọ́n ṣe ń pín iṣẹ́ ní gáréèjì wọn, Sọ́ńdè tó ń bọ́ sí i lọ́wọ́ kò wọ́pọ̀, èyí tó bá sì bọ́ sí i, oorun ló máa ń gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Orí fóònù ló ti ń gbọ́ ìwàásù, nídìí ọkọ̀ tó dúró sinmi ní Rush. Ìgbà tí pásítọ̀ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ibi tó dùn, àkókò á tó láti ṣí ọkọ̀ padà sí ìgboro. Péjú kì í mọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà já sí.

Ó pẹ́ débi pé, lọ́jọ́ kan tó ráyè lọ, ọmọkùnrin tó ń júwe ìjókòó fáwọn èèyàn lẹ́nu ọ̀nà bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, ó rẹ́rìn-ín sí i, ó sì fún un ní káàdì àlejò. Nínú ṣọ́ọ̀ṣì tó jẹ́ pé Péjú ló rán kọ́tìnnì ojú fèrèsé rẹ̀. Ó gba káàdì náà, ó dúpẹ́, ó lọ jókòó. Nígbà tí wọ́n ní káwọn àlejò dìde, kò dìde, ṣùgbọ́n ó fi etí ìborí nu ojú rẹ̀. Láti ọjọ́ náà ló ti ń gba àdúrà kan ṣoṣo: “Olúwa, mi ò bèèrè ilé, mi ò bèèrè mọ́tò. Sọ́ńdè mi ni kó o dá padà.”

Nígbà tí ìdáhùn máa dé, ọ̀nà kọ̀ǹpútà ló gbà wá.

Ilé-iṣẹ́ bọ́ọ̀sì tí Péjú ń bá ṣiṣẹ́ tóbi, ohun tó bá sì tóbi kì í tètè yíra padà. Látọjọ́ tó ti débẹ̀, bílẹ̀ bá ti mọ́, awakọ̀ á lọ sójú fèrèsé kékeré kan, wọ́n á na káàdì pẹlẹbẹ kan sí i. Gbogbo ibùdókọ̀ àti àkókò tó yẹ kó dé ibẹ̀ ni wọ́n tẹ̀ sára rẹ̀. Káàdì yìí làwọn awakọ̀ mọ̀. Òmíràn ti gbó débi pé tíì tó dà sí i ti pa ibùdókọ̀ méjì rẹ́, ẹni tí kò bá mọ ọ̀nà tẹ́lẹ̀ á rò pé ahoro ni wọ́n.

Ni ilé-iṣẹ́ bá ní ó tó gẹ́ẹ́. Ó di kọ̀ǹpútà kékeré, èyí tí kò fẹ̀ ju ìwé orin lọ, kí awakọ̀ kọ̀ọ̀kan máa gbé e kọ́ iwájú rẹ̀. Á sọ fún un bó bá pẹ́, á sọ fún un bó bá yára jù, á sọ fún un pé ẹni tó ń lo kẹ̀kẹ́ arọ ń dúró níbùdókọ̀ tó kàn. Bí ọkọ̀ bá fẹ́ ṣí, awakọ̀ á fìka tẹ bọ́tìnnì aláwọ̀ ewé kan nísàlẹ̀ rẹ̀, àwọn ọ̀gá tó jókòó sí ìgboro á sì mọ̀ pé ó ti lọ.

Ariwo ta ní gáréèjì. Kì í ṣe pé wọ́n kórìíra kọ̀ǹpútà. Ẹ̀rù ń bà wọ́n pé àwọn á bà á jẹ́ ni. Ẹni tó ń wa ọkọ̀ alájà méjì gba òpópónà tóóró láìfara kan ògiri, ẹ wá wò ó níwájú nǹkan kékeré yìí, ó ń na ìka bí ẹni tó ń tọ́ ọbẹ̀ gbígbóná wò. Mossie ló le jù nínú wọn. Ọmọ bíbí Rush ni Mossie, ó ti ń wa bọ́ọ̀sì kí Péjú tó mọ ibi tí Ireland wà, ọjọ́ ìfẹ̀yìntì rẹ̀ sì ti ń yọjú. Ahọ́n rẹ̀ kò gba “Péjú” rí. Peggy ló ń pè é.

“Ìyàwó mi ń sọ fún mi pé mo pẹ́, ọ̀fẹ́ ló sì ń sọ ọ́,” ni Mossie wí. “Kí ni mo fẹ́ fi ìkejì ṣe, Peggy?”

“Ẹ máa gbọ́ tiwọn nílé, kẹ́ ẹ máa gbọ́ tèyí lọ́nà,” ni Péjú dá a lóhùn. “Ṣebí ó ti mọ́ yín lára.”

Lẹ́yìn náà ni wọ́n lẹ ìwé kan mọ́ ògiri yàrá oúnjẹ: wọ́n ń wá awakọ̀ tó máa kọ́ àwọn yòókù ní kọ̀ǹpútà náà. Péjú kà á débi tí wọ́n kọ “Mọ́ńdè sí Fúráìdè” sí, kò ka ìyókù mọ́, ó lọ forúkọ sílẹ̀.

Noreen, ọ̀gá tó wà nídìí ètò náà, gbé kọ̀ǹpútà kan fún un lọ sílé. Ó ní kó kọ́ ọ dáadáa, nítorí lówùúrọ̀ Fúráìdè, á kọ́ awakọ̀ mẹ́rin lójú òun. Bó bá yé wọn, iṣẹ́ náà di tirẹ̀. Bí kò bá yé wọn, á padà sídìí ọkọ̀, Sọ́ńdè rẹ̀ á sì máa lọ bó ṣe ń lọ.

Ilé wọn wà ní Hartstown. Adélàjà ọkọ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ń kó ẹrù sí ní Ballycoolin. Ọ̀rọ̀ kì í pọ̀ lẹ́nu rẹ̀, ṣùgbọ́n èyí tó bá jáde kì í tàsé. Ìdùnnúolúwa, àbíkẹ́yìn wọn tó ti di òṣìṣẹ́, ṣì ń bá wọn gbé. Yorùbá ń wọ etí rẹ̀ kedere, ẹnu ni kì í bá a gbé e jáde. Òun ló jókòó ti ìyá rẹ̀ lórí àga gígùn.

“Èwo ni kí n tẹ̀ báyìí?”

“That one, Ma. The green one.”

“Bó bá bú gbàù ńkọ́?”

“It won't. You're grand.”

Ní Dublin, kò sí ohun tí kì í ṣe grand, ìyẹn ni pé kò séwu. Òjò ń pa ẹ́, grand ni. O ṣubú lórí àtẹ̀gùn, grand ni. Péjú kò fi gbogbo ara gbà wọ́n gbọ́, ṣùgbọ́n nígbà tó fi máa di Tọ́sìdè, ó ti mọ inú kọ̀ǹpútà náà bó ṣe mọ inú ilé ìdáná rẹ̀. Ká ní ó mọ síbẹ̀ ni, wàhálà ì bá má sí.

Àmọ́ ìrọ̀lẹ́ Tọ́sìdè ni ìpàdé àdúrà àdúgbò máa ń wáyé ní pálọ̀ Péjú. Oṣù kẹfà ni. Oòrùn Dublin tó ti fara pamọ́ látìgbà Kérésì ti wá jáde, kò sì fẹ́ relé mọ́. Àwọn ará ń wọlé, wọ́n ń bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà. Mọ́mì Dorcas ló kẹ́yìn wọn. Ìyàwó pásítọ̀ ni, àgbà obìnrin tó jẹ́ pé bó bá bẹ̀rẹ̀ àdúrà, àwọn ará ilé kejì á rọra pa tẹlifíṣọ̀n wọn.

Nínú ìjọ wọn, ohun tuntun kì í bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ láìfojú kan òróró. Kọ́kọ́rọ́ mọ́tò, ìwé ìrìnnà, aṣọ nọ́ọ̀sì ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ríṣẹ́, gbogbo wọn ló ti kọjá lábẹ́ ọwọ́ Mọ́mì Dorcas. Ìka kan ni wọ́n máa ń tì bọ òróró, wọ́n á fi kàn án, ó parí. Ṣùgbọ́n ìyẹn fún ọ̀rọ̀ tí kò le ni.

“Ṣé èyí ni wọ́n ní kó o fi kọ́ wọn?” Mọ́mì Dorcas gbé kọ̀ǹpútà náà lé àtẹ́lẹwọ́, wọ́n ń wò ó bí ọmọ tuntun.

“Òun ni, mà.”

“Òun ló máa dá Sọ́ńdè ẹ padà?”

“Bí Ọlọ́run bá fẹ́, mà.”

“Ọlọ́run ti fẹ́. Èèyàn ló kù. Ẹ bá mi na ìgò òróró yẹn.”

Péjú rí i pé ìdérí ìgò náà ni wọ́n ṣí kúrò pátápátá. Ó yẹ kó sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n ta ló máa sọ fún ìyàwó pásítọ̀ pé kí wọ́n dín òróró kù? Ó dijú. Wọ́n gbàdúrà fún ọ̀gá gáréèjì. Wọ́n gbàdúrà fún Mossie láìmọ̀ ọ́n rí. Wọ́n pàṣẹ fún gbogbo bọ́tìnnì pé kó gbọ́ràn sí Péjú lẹ́nu. Nígbà tó fi máa lajú, kọ̀ǹpútà ilé-iṣẹ́ ń dán bíi dòdò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò nínú epo.

Ó ṣe Àmín, ó sì fi ìborí nù ún kíá. Ìgbà tí wọ́n lọ tán ló tó ráyè tàn án. Ó tàn. Àwòrán ọ̀nà jáde, àwọn ibùdókọ̀ tò tẹ̀ lé ara wọn. Péjú tẹ òkè, ó dáhùn. Ó tẹ àárín, ó dáhùn. Ó tẹ bọ́tìnnì aláwọ̀ ewé tó wà nísàlẹ̀, kọ̀ǹpútà ń wò ó bí ewúrẹ́ tí wọ́n kí. Ó tún un tẹ̀. Òróró ti gba etí rẹ̀ wọlé. Ó tẹ́ sábẹ́ dígí bí àpá.

Ìdùnnúolúwa ní ìrẹsì ni kí wọ́n rì í sí. “It's what you do, Ma, when a phone gets wet.” Wọ́n da ìrẹsì sínú abọ́ ńlá kan, wọ́n sin kọ̀ǹpútà síbẹ̀, wọ́n yí abọ́ náà ká bí ẹni tó ń ṣọ́ aláìsàn. Ibẹ̀ ni Adélàjà bá wọn nígbà tó tibi iṣẹ́ dé. Ó bẹjú wo inú abọ́.

“Òróró wà, ìrẹsì wà,” ló wí. “Ata ló kù.”

“Dádì, ẹ jọ̀ọ́, kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré,” ni Péjú wí. “Àárọ̀ ọ̀la ni.”

“Ṣé o ò lè sọ pé bó ṣe wà nìyẹn nígbà tí wọ́n gbé e fún ẹ? Ẹ̀rọ máa ń kọṣẹ́ fúnra rẹ̀.”

Péjú wò ó. “Mo fi òróró àdúrà bà á jẹ́ tán, kí n tún wá fi irọ́ tún un ṣe?”

Adélàjà ro ọ̀rọ̀ náà wò. “Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ ká jẹun,” ló wí. “Ṣùgbọ́n kì í ṣe ìrẹsì yìí o.”

Ìrẹsì kò ṣe nǹkan kan ju pé hóró kan há sí ihò tí kọ̀ǹpútà fi ń gba iná. Lówùúrọ̀, Péjú fi abẹ́rẹ́ yọ ọ́, ó wọ aṣọ iṣẹ́, ó mú ọ̀nà gáréèjì pọ̀n. Kò sí pé á ní kí wọ́n fún òun ní òmíràn. Àwọn yòókù ṣì wà nínú páálí nílé-iṣẹ́ ńlá ní ìgboro. Ó ń gbàdúrà lọ, kò ráhùn. Ó kàn rán Ọlọ́run létí pé orúkọ Rẹ̀ làwọn pè tí òróró fi dà, nítorí náà ọ̀rọ̀ ọ̀hún kò yọ Òun náà sílẹ̀.

Awakọ̀ mẹ́rin ti jókòó sí yàrá oúnjẹ. Mossie wà níwájú, ó ká apá mọ́ àyà bí ilẹ̀kùn tí wọ́n tì. Noreen wà lẹ́yìn pátápátá pẹ̀lú ife tíì. Péjú ti há ọ̀rọ̀ ìbẹ̀rẹ̀ kan sórí, Gẹ̀ẹ́sì tó jọ̀lọ̀. Nígbà tó dìde, kò rí ọ̀kan nínú rẹ̀ mọ́.

“Ẹ káàárọ̀ o,” ló wí. “Kí n tó sọ nǹkan kan, kọ̀ǹpútà yìí ti bàjẹ́. Èmi ni mo bà á jẹ́.”

Noreen gbé ife rẹ̀ kalẹ̀.

“Kí lo fi ṣe?” ni Mossie bi í.

“Òróró ló dà sí i.”

“Ṣé ò ń dín nǹkan ni?”

“À ń gbàdúrà ni. Ìyàwó pásítọ̀ wa ló ta á sí i, kí iṣẹ́ yìí lè bọ́ sí mi lọ́wọ́. Wọn ò ta á níwọ̀nba.”

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Wọ́n ń wojú ara wọn, wọn ò mọ̀ bóyá ó yẹ kéèyàn rẹ́rìn-ín sí ọ̀rọ̀ àdúrà. Mossie ló kọ́kọ́ tú apá rẹ̀ sílẹ̀.

“Lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ fún mi ní bọ́ọ̀sì,” ló wí, “màmá mi dúró dè mí níbùdókọ̀ ní Rush. Wọ́n mú ìgò kan dání tí wọ́n ṣe bíi Màríà Wúńdíá, omi mímọ́ kún inú rẹ̀. Wọ́n wọ́n ọn sí mi lára, wọ́n wọ́n ọn sí sítíárì, wọ́n wá da ìyókù sórí ẹ̀rọ tíkẹ́ẹ̀tì. Ẹ̀rọ kú. Ọ̀fẹ́ ni gbogbo èrò wọ̀ dé ìgboro lọ́jọ́ yẹn.”

“Kí lọ̀gá yín wá sọ?” ni Péjú bi í.

“Ó fẹ́ sọ̀rọ̀. Màmá mi bá tọ̀ ọ́ lọ ní gáréèjì. Kò tún sọ nǹkan kan mọ́.”

Ìgbà náà ni ẹ̀rín tó bú. Noreen náà rín in, ó ń fi ọwọ́ bo ẹnu. Mossie dúró títí wọ́n fi rín in tán, ó wá fara sún mọ́ tábìlì.

“Wàyí o, Peggy. Bí nǹkan yìí bá kú mọ́ mi lọ́wọ́ láàárín oko kábéèjì, tí èrò sì kún inú ọkọ̀, kí ni kí n ṣe?”

Ìbéèrè tí gbogbo wọn ti ń gbé mì látọjọ́ yìí nìyẹn. Kò sí nínú ohun tí Péjú múra sílẹ̀, ṣùgbọ́n láti àná, kò tíì ro nǹkan míì ju òun lọ.

“Ẹ máa wa ọkọ̀ yín lọ,” ló wí. “Ṣé òun ló ń yí táyà ni? Ẹ pe àwọn ọ̀gá lórí rédíò, ẹ ní ojú rẹ̀ ti kú, ẹ sọ ibi tẹ́ ẹ wà. Rush ò ní ṣí kúrò níbi tẹ́ ẹ mọ̀ ọ́n sí.” Ó gbé kọ̀ǹpútà náà síwájú Mossie. “Ó yá, ẹ fọwọ́ kàn án.”

“Bí mo bá bà á jẹ́ ńkọ́?”

“Mossie, mo ti bá yín bà á jẹ́ tán.”

Ohun tó ti bàjẹ́ kì í dẹ́rù bani. Mossie na ìka kan, ó tẹ òkè, àwòrán ọ̀nà jáde. Ó tẹ ibùdókọ̀ tó wà nítòsí ilé rẹ̀, ibùdókọ̀ náà fẹ̀ sí i lójú. Ó ní “wò ó” kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Ẹni tó jókòó tì í bá fà á gbà lọ́wọ́ rẹ̀, ẹnì kẹta ní ó kan òun. Péjú fi bọ́tìnnì tó kú hàn wọ́n, ó ní bí ọ̀rọ̀ bá rí báyìí, rédíò ni. Ó pe Mossie ní ọ̀gá ìgboro, ó sì ní káwọn yòókù máa fẹnu ṣe rédíò pè é. Mossie gbádùn ipò ọ̀gá náà ju bó ṣe yẹ lọ. Ó ní gbogbo wọn ti pẹ́.

Nígbà tí wọ́n túká, Noreen dúró. Tíì rẹ̀ ti tutù.

“Péjú, dandan ni kí n jíṣẹ́ fún wọn pé o ba kọ̀ǹpútà jẹ́.”

“Ó yé mi.”

“Màá sì jíṣẹ́ pé látìgbà tí mo ti ń lọ káàkiri gáréèjì, ìgbà àkọ́kọ́ rèé tí mo máa rí awakọ̀ tó ń já a gbà mọ́ ara wọn lọ́wọ́.”

“Ṣé kí n gbé e lọ síbi tí wọ́n ti máa tún un ṣe?”

“Má tún un ṣe o,” ni Noreen wí. “Òun lo máa fi kọ́ wọn. Bẹ̀rẹ̀ ní Mọ́ńdè.”

Péjú dé inú mọ́tò rẹ̀, kò tètè ṣíná. Ó fẹ́ kọrin, orin kò wá. Ó kàn ń sọ “Olúwa o ṣé” lásán, bí ẹni tí wọ́n bá gbé ẹrù wúwo sọ̀.

Kò pẹ́ sígbà náà, ìlà kan wọ inú òfin tí wọ́n lẹ̀ mọ́ kọ́bọ́ọ̀dù tí wọ́n ń kó àwọn kọ̀ǹpútà sí: ohun olómi kankan kò gbọ́dọ̀ kàn wọ́n, ì báà jẹ́ tíì, ì báà jẹ́ òjò, ì báà jẹ́ èyí tí a ti gbàdúrà sí. Ẹnì kan fi bíírò kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé, “Ẹ lọ sọ fún màmá mi.” Péjú mọ ẹni tó kọ ọ́.

Ní Sọ́ńdè àkọ́kọ́ lẹ́yìn tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tuntun náà, Péjú ti wọṣọ tán kí Adélàjà tó wẹ̀. Lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, ọmọkùnrin ọjọ́sí tún na káàdì àlejò sí i.

“Fi pamọ́, ọmọ mi,” ni Péjú wí. “O ṣì máa rí mi títí ojú mi á fi sú ẹ.”

Ó ń lọ síbi ìjókòó rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ́tìnnì tó rán, ni Mọ́mì Dorcas bá dì í lápá.

“Òróró yẹn ṣiṣẹ́ àbí kò ṣiṣẹ́?”

Péjú wá bó ṣe máa dáhùn láìpurọ́. “Ó ṣiṣẹ́, mà. Ó kọ́kọ́ ba iṣẹ́ jẹ́ ná.”

“Bí iṣẹ́ Rẹ̀ ṣe máa ń rí nìyẹn,” ni Mọ́mì Dorcas wí, wọ́n tọ́ka sókè. “Ó dáa bó o ṣe tètè dé. Ọmọ tó ń bá wa gbé ọ̀rọ̀ orin sójú ògiri ti rìnrìn àjò. Ìwọ ni kọ̀ǹpútà ti mọ̀ báyìí.”

Péjú wo tábìlì tí wọ́n tọ́ka sí lẹ́yìn. Kọ̀ǹpútà kékeré kan jókòó síbẹ̀, ó ń dúró dè é. Òun àti kọ̀ǹpútà ló jọ wà láti Mọ́ńdè dé Fúráìdè, ó tún ti ṣáájú rẹ̀ dé ṣọ́ọ̀ṣì. Ó rẹ́rìn-ín, ó lọ jókòó tì í. Kó tó tàn án, Mọ́mì Dorcas ti dé, wọ́n ń ṣí ìdérí ìgò bọ̀.

Lọ́tẹ̀ yìí, Péjú kò dijú. Ó fi ọwọ́ méjèèjì gba ọwọ́ àgbà obìnrin náà mú, ó kúnlẹ̀, ó sì rọra darí rẹ̀ sórí ara rẹ̀.

“Mọ́mì, èmi ni kẹ́ ẹ ta á sí, mà. Ọ̀rọ̀ ẹnu ti tó kọ̀ǹpútà.”

Òróró náà ṣàn dé etí ìborí rẹ̀, ó sì fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Wọ́n kọrin, ó ń gbé ọ̀rọ̀ orin sójú ògiri ní ìlà-ìlà, ó pẹ́ díẹ̀ nínú ẹsẹ kejì, kò sì sẹ́ni tó sọ fún un pé ó pẹ́. Pásítọ̀ dìde. Ìwàásù ọjọ́ náà gùn, ó yà síhìn-ín, ó yà sọ́hùn-ún. Péjú gbọ́ ọ dé ibi tó já sí.